Nọ́mbà Aránṣọ

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí ní Koumassi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òjò líle, èyí tó ń rọ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kan í lọ ni, òórùn ọ̀sà sì ti wọ gbogbo àgbàlá wa. Mo ká ìró mi sókè, mo la omi kọjá lọ sí sibẹ̀, ilé kọ̀ǹpútà tí obìnrin Júlà kan ń bójú tó. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ lẹ́tà tí ọmọ mi tó lọ sí Lìbíà ń fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Faransé ni ọmọ náà fi ń kọ ọ́. Obìnrin yìí á kà á, á sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, débi pé ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohùn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́rin tí kò ti rí nǹkan kan kà fún mi.

"Màmá, ẹ jókòó," ó ní. "Wọ́n ti ta ilé iṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà yín. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí pọtábù, fóònù alágbèéká yìí, ló rà á. Wọ́n ní kí àpótí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà pọtábù kí aago méjìlá ọ̀sán òní tó lù. Èyí tí kò bá ní, wọ́n á tì í."

"Bí ọmọ mi bá wá kọ̀wé ńkọ́?"

"Kò ní rí ibi wọlé."

Mo ti ta ẹja gbígbẹ rí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ra ìsọ̀, ó ra àwọn oníbàárà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ní í bi oníbàárà léèrè?

N kò ní pọtábù. Nínú àgbàlá wa, aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí tèmi nìkan ló ní in, a kò sì ti kí ara wa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti sọ lójú gbogbo ayálégbé pé, "Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ á kọ̀wé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí èmi náà ti ń rò ó lóru.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi ń kán létí gèlè mi. Máṣíìnì rẹ̀ kò dákẹ́.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ ṣìnà ni?"

"N kò ṣìnà. Nọ́mbà rẹ ni mo wá tọrọ. Wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi."

Máṣíìnì dákẹ́. "Ẹ mọ̀ pé tó bá kọ̀wé, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó fi pọtábù sínú ọ̀rá búrẹ́dì. "Ẹ di apá mi mú. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, wọ́n á ní èmi ni mo tì yín."

Ní sibẹ̀, obìnrin Júlà tẹ nọ́mbà náà, ó ní ká dúró de nọ́mbà mẹ́rin kan tó máa wọlé sórí pọtábù, tí òun máa fi jẹ́rìí sí i. Kò wọlé. Òjò ti ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́. Aago ń sáré. Aránṣọ jáde sínú òjò láìborí, òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, ó na pọtábù sókè nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tó pariwo: "Ó ti dé! Sept! Zéro! Quatre! Quatre!"

Obìnrin Júlà tẹ méje, òdo, mẹ́rin, mẹ́rin, ó mí kanlẹ̀. "Wọn ò ní tì í mọ́."

Ó lé ní oṣù méjì kí pọtábù náà tó dún nítorí tèmi. Aránṣọ ló sáré wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún: ọmọ mi ti kọ̀wé, ó wà láàyè. Mo ti rò pé yóò ká mi lára pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ayọ̀ tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan kọjá sí ọ ń gbóná jù.

Ṣùgbọ́n a ti parí ìjà tipẹ́ kó tó di ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì òjò náà gan-an, mo gbé ìjókòó mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà tèmi, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́, mo bá a ń ṣẹ́ etí aṣọ, ojú mi kò kúrò lára pọtábù náà.