Ìrìn Láti Baba Wa Dé Àmín

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orúnkún mi méjèèjì ṣì ń tẹ̀ bí mo ṣe fẹ́, orí àpáta tó wà lẹ́yìn Ààyè-Èkìtì ni àwọn ìyá wa ti ń sá iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń pàdé mi láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi, tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í jókòó sílé nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí, orí àpáta yẹn ni ìdáhùn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Òjò ṣú lójijì, gbogbo wa sì sáré gun àpáta lọ kó iṣu. Òjò tó kọ́kọ́ kán ti mú kí òkúta náà máa yọ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sì yí gbirigbiri títí dé ìsàlẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kán, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀.

Bàbá kan nínú ìjọ wa ló máa ń to egungun nígbà náà. Wọn kì í fọwọ́ kan aláìsàn láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Wọ́n to ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi igi pẹlẹbẹ dì í. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn atoegungun, wọ́n kán adìẹ kan lẹ́sẹ̀, wọ́n to tirẹ̀ náà, wọ́n dì í, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Wọ́n ní ọjọ́ tí adìẹ náà bá ń fi ẹsẹ̀ náà rìn, kí ìyá mi ránṣẹ́ pe àwọn, nítorí àkókò tó kí èmi náà dìde nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìdìde yìí jẹ mí lógún púpọ̀. Mo ti yege ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú kejì, ẹsẹ̀ la sì fi ń lọ, máìlì méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa wọlé. Bàbá mi ti sọ ọ́ gbangba pé bí ẹsẹ̀ mi kò bá lè gbé mi débẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn á mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan tó ní ẹ̀rọ ọlọ́wọ́, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe ìkà ni bàbá mi. Wọ́n ń wá ibi tí ọmọ arọ yóò ti rí jẹ ni.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló bá wa débẹ̀. Oníwàásù tó wá láti ọ̀nà jíjìn dé sí ilé wa. Ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n sì ti ní kí ìyàwó tuntun tí àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pa adìẹ kan fún àlejò. Ọmọbìnrin náà lé adìẹ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Gbogbo adìẹ ilé ló ń sá, àfi ọ̀kan. Ọ̀kan náà ló pa.

Àlejò jẹun, wọ́n súre fún wa. Nígbà tí bàbá atoegungun dé, tí wọ́n bèèrè adìẹ wọn, ìyàwó tuntun ló jẹ́wọ́ pé òun ti pa á. Wọ́n wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ti fi ẹlẹ́rìí mi se ọbẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n bi ìyàwó tuntun bóyá adìẹ náà ti ń rìn kó tó pa á. Ó ní òun kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn ni òun wò. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mi wò, wọ́n ní tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti mú ìyá mi. Wọ́n ní láìrí adìẹ kó rìn, ẹnikẹ́ni kò ní sọ ọmọ àwọn kalẹ̀. Wọ́n ń gbé mi lọ wẹ̀, wọ́n ń gbé mi padà sórí ẹní. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìfẹ́ náà ló sì mú ẹsẹ̀ mi gan. Nígbà tí a tú igi kúrò nínú oṣù kejìlá, egungun ti jinná, ṣùgbọ́n orúnkún kò tẹ̀ mọ́, bí mo bá sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrora á gún mí dé ìbàdí. Bàbá mi lọ bá aránṣọ sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé wa, ìyàwó ilé tó dàgbà jù. Wọ́n ti ṣubú pẹ̀lú ìdì igi nígbà kan rí, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rìn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí wọn kì í rìn yí agbo ilé ká kí oòrùn tó yọ. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ, wọ́n sì wọlé wá.

"Ìyàwó," wọ́n wí fún ìyá mi, "ọmọ yìí mà pẹ́ nínú ulé o."

Ìyá mi ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

"Tó bá jókòó, ṣé kò ní dùn ún ni?"

Ìyá àgbà wá yíjú sí mi, wọ́n pè mí bí àwọn ìyàwó ilé ti ń pe ọmọ ilé: "Ọkọ mi, ìrora yìí lè má lọ. Mú un dání, kí ẹ jọ máa lọ."

Báyìí ni ìrìn wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Àdúrà Olúwa la fi ń wọ̀n ọ́n. A óò bẹ̀rẹ̀ ní "Baba wa," a óò máa rìn títí dé "Àmín," a óò dúró mí. Bí ìrora bá mú, a lè fa àdúrà náà gùn, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dúró láàárín rẹ̀. Àdúrà méjì la kọ́kọ́ ń rìn láràárọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan la lè fi kún un. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara mi yá gágá. Lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ, mo dá rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, orúnkún mi wú bí ọsàn. Ìyá àgbà wá wò mí.

"Ta ló ní kí o gbàdúrà fún gbogbo ìlú?"

Wọ́n wá sọ fún mi pé ọjọ́ tí ara bá yá, kí n má fi kún un, ọjọ́ tí ara kò bá sì yá, kí n má pa á jẹ. Ìmọ̀ràn yìí ni mo ṣì ń lò.

Lọ́jọ́ ìwọlé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí èmi àti ìyá àgbà fi jáde. Wọ́n sìn mí rékọjá oko tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí n máa lọ. N kò lè sọ iye "Baba wa" tí mo gbà. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti to àwọn tó pẹ́ dé sórí ìlà láti nà wọ́n. Tíṣà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n wọlé lọ jókòó. N kò lọ. Mo na ọwọ́ mi bí ti àwọn yòókù, wọ́n sì fún mi ní ẹgba méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹgba yẹn dùn mọ́ mi ju àkàrà lọ. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi rí mi bí mo ṣe ń tiro bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ bẹ aránṣọ pé kó má bínú.

Ayé ti yí padà. Ọsibítù wà, fọ́tò egungun wà, a kò sì kán adìẹ lẹ́sẹ̀ nítorí mi mọ́, mo dúpẹ́ fún un. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ń fi fóònù hàn mí bí arúgbó ṣe ń na orúnkún, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ń gbé ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wò lókèèrè, bí ẹsẹ̀ ọmọ aládùúgbò bá sì gan, olúkúlùkù á sọ pé àwọn òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí òtútù ọyẹ́ bá mú ẹsẹ̀ mi báyìí, ìyá àgbà yẹn ni mo máa ń rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi bá mi rìn pẹ̀lú ìbàdí tó ti yẹ̀, èmi ni mo máa ń ké pé ó ń dùn mí, n kò sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó ń dun àwọn náà.