Ta Ló Dúró fún Kọ̀ǹpútà?

Ọmọ mi obìnrin máa ń ṣí rédíò sílẹ̀ láràárọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé a sì máa jiyàn níbẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn: ta ló yẹ kó máa darí rẹ̀, ta ló yẹ kó ṣòfin lé e lórí, ṣé ìjọba ni àbí àwọn tó ṣe é. Ohùn wọn a le, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Àwa ti ṣe ìpàdé yẹn ní Okokomaiko ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, tí àwọn àgbàlagbà ká orúnkún mọ́ àyà lórí bẹ́ǹṣì ọmọ kékeré. Ọ̀rọ̀ omi ló gbé wa débẹ̀.

Àdúgbò wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Iba. Àwọn onílé para pọ̀ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo wa. Nítorí náà, wákàtí-wákàtí la ń pín in: ilé yìí ní aago yìí, ilé yẹn ní aago yẹn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Kò sẹ́ni tó dìbò fún mi. Ìwé kíkọ mi dára, mi ò sì tíì lọ́kọ, ìyẹn ni pé gbogbo ayé gbà pé mi ò ní nǹkan tí mo ń ṣe lọ́jọ́ Sunday. Alága, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ilé méjì, tó sì lè de táì lọ ra búrẹ́dì, ni yóò pe àsìkò. Èmi yóò kọ ọ́ sínú ìwé, èmi náà ni wọn yóò sì wá bá jà.

Wọ́n jà lóòótọ́. Ìyàwó ilé kan fa abala ìwé náà ya lójú mi, ó ní ojúṣàájú ni mí. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń gba ìwọ̀sí dákẹ́, mo bú u padà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pariwo tán, a ó fi bíírò fa ìlà lórí àsìkò kan, a ó kọ òmíràn síbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, omi sì ń kárí díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Iyana-Iba, níwájú géètì yunifásítì. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sì ń tẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alága wọlé pẹ̀lú táì rẹ̀, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ìjà omi ti sú òun, kọ̀ǹpútà ni yóò máa pín in láti ìsinsìnyí lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe pín in nìyí. Alága ní, "Ilé mi àkọ́kọ́, aago mẹ́fà àárọ̀." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ilé mi kejì, aago méje." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó dórí ilé yàrá méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún èmi àti ìyá mi, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Wá àsìkò tó dáa fún tiyín, sẹkítírì. Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́." Mo dúpẹ́, mo sì wá àsìkò tó dáa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Alágbàfọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá alágbàfọ̀ jẹ́ ayálégbé láàárín wa, ará Ògùn, tó ń gba kakí àwọn sójà fọ̀ ní bárékè Ọ̀jọ́. Nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ní àsìkò omi tirẹ̀ ní kùtùkùtù láti ọjọ́ pípẹ́. Okùn tó ń sá aṣọ lé dojú kọ fèrèsé alága, alága sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nípàdé pé kò bójú mu kí ó jẹ́ pé ṣòkòtò sójà lòun ó máa kọ́kọ́ rí bí òun bá jí. Bàbá kò rí ibòmíràn tí yóò so okùn sí. Kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan nípa ṣòkòtò. Èmi mọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ìwé náà jáde pẹ̀lú ariwo, ó ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì bí ìwé ìgbà yẹn ṣe máa ń rí. Alága ò jẹ́ kí n ya etí oníhò náà dànù, ó ní òun ni wọn yóò fi mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ẹnu ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó jà. Àwọn tó ti ń pariwo lé mi lórí dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó ilé tó fa ìwé mi ya ní, "Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́, kí la tún fẹ́ wí?" Ẹni tó pe àsìkò ò yí padà, ẹni tó kọ ọ́ ò yí padà, ihò etí ìwé nìkan la fi kún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn.

Ìgbà òjò ni. Bí alágbàfọ̀ bá fi máa rí omi ní aago mẹ́rin, oòrùn ti ń lọ. Kakí tó nípọn, tó sì ti mu sítáàṣì, kì í gbẹ mọ́jú. Ó ń rùn. Sájẹ́ǹtì kan dá odindi ẹrù aṣọ padà fún un, ó sì kìlọ̀ pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ bárékè yẹn ló ń bọ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ó wá bá mi ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Jọ̀ọ́ ọmọ mi, bá mi bẹ kọ̀ǹpútà yẹn."

"Baba, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Ó dáa. Ti ta ló máa ń gbọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún un. Ojú tì mí títí mo fi délé, ó sì ń tì mí báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, a péjọ sí kíláàsì. Alágbàfọ̀ nawọ́, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó kí àgbà, ó kí ọmọdé.

"Nígbà tí mo fẹ́ máa gba aṣọ ní bárékè, wọn ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo mọ aṣọ fọ̀. Wọ́n ní kí n mú oníduúró wá, ẹni tó nílé, tí àwọn lè lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ bí mo bá kó kakí sá lọ. Ṣíámáànù wa yìí náà ló dúró fún mi, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ bèèrè ò ju ẹyọ kan lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń pín omi fún wa yìí, ta ló dúró fún un?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Baba, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe."

"Mi ò ní ó ṣàṣìṣe, sà. Èmi náà ò jí kakí rí, wọ́n ṣì gba oníduúró lọ́wọ́ mi."

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, tí ẹbí rẹ̀ ta ilẹ̀ fún púpọ̀ nínú wa. Ó ní, "Gbogbo yín tí ẹ jókòó yìí, mo mọ ẹni tó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan yín wá. Ta ló mú eléyìí wá?"

Alága ní òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. Mẹkáníìkì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé òkè òkun la ó wọkọ̀ lọ tí omi ò bá kàn wá ni? Oga, abeg o!"

Kíláàsì dàrú. Nígbà tí a ó fi tún un ṣe, a ti yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa mójú tó kọ̀ǹpútà, a sì fi alága ṣe alága rẹ̀. Ẹnì kan ní ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mìíràn máa mójú tó ìgbìmọ̀ náà. A yan òun náà, alága sì yọ̀ọ̀da ara rẹ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Alágbàfọ̀ ò tíì jókòó.

"Gbogbo rẹ̀ ló dáa," ó ní. "Orúkọ oníduúró ni mo ń retí."

Ìyá àgbà ní kí n ya abala kan, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló dúró fún kọ̀ǹpútà, pé ilẹ̀kùn rẹ̀ la ó máa wá kàn. Mo kọ ọ́. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí bẹ́ǹṣì. Pásítọ̀ kan ní ìgbàgbọ́ òun ò gba kí òun dúró fún ohun tí kò ní ẹ̀mí. Àwọn tó ti ń yin kọ̀ǹpútà láti oṣù tó kọjá gbé e fún ẹni tó kàn bí ẹni pé ó gbóná. Alága ní òun gbàgbé gíláàsì òun sílé. Mo ń wo gíláàsì náà nínú àpò àyà rẹ̀.

Bó ṣe padà dé ọ̀dọ̀ mi, inú ti bí mi, mo fọwọ́ sí i. Alága ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó rò pé òun ti rí ẹni tí yóò máa gba èébú dípò òun.

Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, èmi nìkan ló jókòó ti ẹ̀rọ. Mo gbé alágbàfọ̀ padà sí kùtùkùtù. Mo gbé ilé alága àkọ́kọ́ lọ sí aago méjì ọ̀sán, èkejì sí aago mẹ́ta. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú etí oníhò rẹ̀. Alága dúró níwájú rẹ̀ títí, ó ya ẹnu, mẹkáníìkì sì ní, "Kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè, Ṣíámáànù." Ó pa ẹnu náà dé. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Saturday, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ ni, ó ti yọ ìwé náà lára ògiri, ó mú un dání. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, ó ní kakí ti ń gbẹ, sájẹ́ǹtì ò tíì tún wí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́.

"Ilé yín ló wà ní aago mẹ́fà."

Ó tún fi ìka lé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Ilé àwọn Ègùn tó ń yan ẹja ní ìpẹ̀kun àdúgbò ni, àwọn tí kì í wá sípàdé, tí Yorùbá ò sì yọ̀ lẹ́nu wọn. Aago mẹ́fà ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀ rí, nígbà ìwé bíírò, kí wọ́n lè fọ ẹja kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà ní Ajangbadi.

"Àwọn ló wá wà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ báyìí," ó ní. "Ibi tí èmi wà tẹ́lẹ̀."

"Baba, kọ̀ǹpútà ló..."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ, mo dúró. Bàbá ò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilẹ̀kùn yín la ní ká máa kàn, ọmọ mi. Òun ni mo wá kàn."

Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi bíírò fa ìlà lórí ilé wa ní aago mẹ́fà, mo kọ ilé àwọn Ègùn síbẹ̀, mo sì kọ tiwa sí aago mẹ́rin. Ó kí mi, ó gbé ìwé náà lọ.

Bí mo ṣe yíjú padà, ìyá mi dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Òun ló ń pọnmi ilé wa láti ọjọ́ yìí.

"Ta ló gbé wa lọ sí aago mẹ́rin?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá mi wò mí dáadáa, ó gbé korobá náà lé mi lọ́wọ́, ó wọlé.