Ọjọ́ Tí A Yẹ Chairman Wò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé, mi ò lè dá a gbé mì!

Ṣé ẹ rántí ejò ere tí Dámi ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀? Kò padà wá mú un. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń fún un ní eku, tí mo ń kọ ọjọ́ tó bá bọ́ awọ sínú ìwé. Sílíkì là ń pè é. A kò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, kò sì dí wa lọ́wọ́.

Àfi ìgbà tí Tonye, ọ̀rẹ́ Dámi tó ń gbé ní Woji, ríṣẹ́ sórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun gba ere tirẹ̀, Chairman. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ti ń dárúkọ pẹpẹsúùpù!

Ọkọ mi ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, àwọn méjèèjì ló máa kúrò nílé. Òun ò lè máa bá ẹyin ejò gbélé. Mo ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àpótí wọn máa wà. Ó rán mi létí pé Sílíkì ti jáde rí, inú bàtà tí òun fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì la ti bá a.

Akọ ni Chairman, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ti Sílíkì ló kù. Ọkọ mi ní abo ni torí pé ó sanra. Tonye ní akọ ni. Èmi gbọ́ pé ìrù akọ máa ń gùn ju ti abo lọ, mo fi téépù ìránṣọ mi wọn ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi wé?

Lọ́jọ́ Sátidé tí Tonye gbé Chairman wá, gbogbo wa gbé ejò méjèèjì sínú àpò ìrọ̀rí, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Rumuokoro. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ Márúwá béèrè ohun tó wà nínú àpò. Mo ní ẹran ni. Ṣé mo parọ́?

Dókítà fi epo pa irin tín-ín-rín kan, ó rọra tì í láti ihò ìdí Sílíkì lọ sápá ìrù. Ó ní tó bá jẹ́ akọ, irin á wọlé tó ìpẹ́ mẹ́jọ. Ti abo kì í jìnnà. Mo ń ka ìpẹ́ náà lọ́kàn. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó dúró. Abo!

Akọ àti abo nìyẹn, àwọn méjèèjì máa kúrò nílé! Tonye ti ń sọ pé òun á wá ẹlòmíì tó máa gba Chairman. Mo wá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Tonye, ta ló yẹ Chairman wò?"

Ó wojú ilẹ̀. "Mummy, na so the man wey sell am talk."

Mo bẹ dókítà kó yẹ òun náà wò. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó dúró!

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn méjèèjì wà nílé mi, kálukú nínú àpótí rẹ̀, mo sì ti ra àgádágodo sí àpótí méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tí gbogbo èèyàn ní àwọn mọ̀, òun ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èmi tí mo wọn ìrù kan lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò ronú kan ti èkejì rárá!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹran ọ̀sìn wo lẹ pè ní akọ títí tó fi yé ẹyin síwájú yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á.

Orúkọ Chairman kò yí padà o. Tonye ní obìnrin náà lè jẹ Chairman.