Oògùn Irorẹ́ Tí Ó Fẹ́ Lé Ẹ̀gbọ́n Mi Kúrò Nílé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé tí a háyà ní Agbowó ni a ń gbé, kò sì sí ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí nínú ilé yẹn tó ohùn bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń bá bàbá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ojúgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bàbá mi kì í ṣe ìkà o. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá sí Ìbàdàn, iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, díákónì sì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti di òfin nìyẹn. Ọmọ kì í dá wọn lóhùn, àfi tí wọ́n bá bi í ní nǹkan.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, èmi ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun sì ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìdánwò àṣejáde ti dé tán. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Ohùn rẹ̀ sì dùn, òun ni ó máa ń gbé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Irorẹ́ ni ìṣòro rẹ̀. Irorẹ́ bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àwọn kan pọ́n, àwọn kan ní ọyún lórí, bí èyí bá sì ń gbẹ, òmíràn ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀pà ni ó ń jẹ jù. Àwọn mìíràn ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ó ń dàgbà ni. Kò sí ọṣẹ tí wọn kò ní kí ó fi wẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ẹ̀yìn àwọn akọrin yòókù, ibẹ̀ ni yóò ti máa gbé orin, àwọn èèyàn inú ìjọ á máa gbọ́ ohùn láìrí olóhùn.

Nígbà tí ọkàn ìyá wa kò gbà á mọ́, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì tẹ̀lé wọn. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, ó wá kọ kápúsù kan fún un pé kí ó máa gbé mì lójoojúmọ́, pé kò ní í tètè ṣiṣẹ́, kí ó ṣe sùúrù. Ó wá kìlọ̀ fún un. Ó ní, "Jẹun kí o tó lò ó. Mu omi dáadáa lé e, má sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Má fi mílíìkì mu ún. Pàtàkì jù lọ, má jẹ́ kí oòrùn máa pa ọ́."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dókítà, Ìbàdàn la wà yìí o. Ta ni oòrùn kì í pa?"

Dókítà ní, "Mà, mi ò bá yín ṣeré. Oògùn yìí àti oòrùn kì í ṣọ̀rẹ́."

Bí a ṣe délé, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ẹ̀gbọ́n mi rí màbo. Ó ń kánjú lọ síléèwé láàárọ̀, ó gbé kápúsù mì láìjẹun, kò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ó fi bì sínú gọ́tà. Ìyá wa yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n wo ọmọ wọn tó ń bì láàárọ̀ kùtùkùtù, ojú wọn yí padà. Wọ́n fà á wọ yàrá, wọ́n bi í ní ìbéèrè tí n kò gbọ́, ẹkún rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí ìyá wa rò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ kí ó tó fọwọ́ kan oògùn, èébì náà sì dáwọ́ dúró. Ìgbà kan tún wà tí ó fi itọ́ lásán gbé e mì, tí ó sì sùn lé e. Ọ̀fun rẹ̀ ta á títí di ọjọ́ kejì, bí omi bá ń sọ̀kalẹ̀, á máa di àyà mú. Ó kọ́ ọgbọ́n nínú ìyẹn náà, ife omi ńlá ni ó ń lò.

Díẹ̀díẹ̀, ojú ń jọ̀lọ̀. Irorẹ́ ń gbẹ, òmíràn kò sì yọ. Ẹ̀gbọ́n mi kúrò lẹ́yìn, ó wá síwájú àwọn akọrin, mo rántí pé inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n wò sàn.

Ohun kan ló kù tí kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá wa, ọ̀rọ̀ oòrùn. Bàbá wa ní oko ní Moniya, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni a máa ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìdánwò tó máa ń wà ní Sátidé ló ti ń yọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń lo oògùn, ṣùgbọ́n Sátidé kan dé tí kò sí ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ọmọ tí yóò dúró níwájú bàbá wa kí ó ní òun kò ní lè roko nítorí pé oòrùn ń mú? Ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é, orúkọ náà yóò sì tẹ̀lé e títí. Ìyá wa pàápàá ní, "Lọ, má ṣe sọ nǹkan kan, sá máa yà sábẹ́ igi." Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń kọ ebè lè máa yà sábẹ́ igi? Ó roko ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Kí a tó délé lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ ti ń gbóná bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó wú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ibì kan dúdú, ibì kan pọ́n yòò níbi tí awọ tuntun ti ń yọ. Èmi rí i pé oòrùn tí dókítà kìlọ̀ rẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá wa rí yàtọ̀ sí ohun tí èmi rí.

Wọ́n pè é sí pálọ̀. Wọ́n ní, "Kí lo fi pa ojú?"

Ó ní, "Mi ò fi nǹkan kan pa á, sà. Oògùn ni. Dókítà ní kí oòrùn má..."

"Oògùn tó o gbé mì, tó lọ sínú ikùn, òun ló wá bó ọ lójú?" Wọ́n yíjú sí ìyá wa. "Ìpara abóra nìyí. Ọmọ mi ń bóra lábẹ́ òrùlé mi, èmi tí mò ń dìde ka Bíbélì níwájú ìjọ."

Ìyá wa ní, "Dádì, òótọ́ ló ń sọ, èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ẹ jẹ́ ká jọ padà lọ bá a."

Bàbá wa ní, "Ṣé dókítà ló bí i? Ìwọ lò ń bo àṣírí rẹ̀." Wọ́n wá sọ èyí tó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn yóò mú un lọ sí gáréèjì ní Ṣàngó, yóò wọkọ̀ lọ bá ìyá àwọn ní Òkè-Ògùn, ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Ìdánwò ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó ń bóra kò nílò ìwé. Wọ́n gba kápúsù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí wọn.

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá wa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí wọ́n tó dá a. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ iléèwé rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá wa jẹ mọ́ínmọ́ín kan ní Dùgbẹ̀ tó ti ń kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀yin kò mọ ayé wa nígbà náà. Kápúsù kì í ṣe ti ẹnì kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára oògùn ẹnì kan, gbogbo agbo ilé ni yóò lò ó: ẹni tí eyín ń dùn, ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kódà wọ́n á tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Bàbá wa ṣí àpótí, wọ́n mú oògùn ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyọ kan ni wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ọmọdé ni ẹyọ kan wà fún. Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́ ni àwọn ń lò, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ náà dá. Bó ṣe di Sátidé, wọ́n gba oko lọ, èmi ni mo gbé omi tẹ̀lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sílé, ó ń di ẹrù. Bàbá wa bọ́ fìlà wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n fi í há ìbàdí, oòrùn sì ń ràn lórí pípá wọn títí a fi ṣíwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a gbọ́ igbe láti balùwẹ̀. Bàbá wa kì í ké. Gbogbo wa sáré. Wọ́n jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura nídìí, wọ́n ń mi ọwọ́ bí ẹni tó gbé ìkòkò gbígbóná, mo sì rí orí wọn. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ó pọ́n, ó lé ròrò, ibì kan ti dúdú bí bọ̀ọ̀lì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ẹ̀yìn ọwọ́ wọn méjèèjì rí bákan náà. Omi ìwẹ̀ ló kàn án tí wọ́n fi ké.

Ìyá wa wo orí náà dáadáa. Wọ́n lọ sínú yàrá, wọ́n ṣí àpótí bàbá wa, wọ́n padà dé pẹ̀lú ọ̀rá oògùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lọ́wọ́. Wọ́n rọra béèrè, ohùn wọn kò le rárá. Wọ́n ní, "Dádì, kí lẹ fi pa orí?"

Bàbá wa ní, "Mi ò fi nǹkan kan pa..." Wọn kò lè parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò tíì rí i rí, kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu bàbá mi. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ojú rẹ̀ tó bó dojú kọ orí wọn tó jó. Kò rẹ́rìn-ín. Bàbá wa yí padà, wọ́n wọlé lọ jókòó. Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, nítorí wọn kò lè dé fìlà, wọn kò sì lè gbé orí yẹn wọ àárín ìjọ. Ìyá wa wọ ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá wa sọ fún ìyá wa pé, "Sọ fún un kó lọ síléèwé." Ó tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ o, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, ṣùgbọ́n wọn kò dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Ojú rẹ̀ jinná, irorẹ́ lọ. Bàbá wa kò pe orúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé, wọn kò sì sọ pé kí ó má bínú.

Èmi náà ti wá darúgbó. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin mi ni mò ń gbé ní Bódìjà, ọmọ-ọmọ mi obìnrin sì ti di ẹni tí irorẹ́ ń yọ lójú. Dókítà fún un ní irú kápúsù yẹn, pẹ̀lú ìpara tí ó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bàbá rẹ̀ ní kó tẹ̀ lé òun lọ wo ilé tí òun ń kọ́ ní Moniya. Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, mi ò ní lè lọ. Oògùn tí mò ń lò ò fẹ́ oòrùn."

Mo di àga mú, mò ń retí kí ilé wó. Ọmọ mi kàn fọwọ́ gbé àgbọ̀n ọmọbìnrin rẹ̀ sókè, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ojú ò ta ẹ́? Ó dáa, jókòó sílé." Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ. Kí n má purọ́, inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní irú ọmọ wo rèé, irú bàbá wo sì rèé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, Challenge ni wọ́n ń gbé báyìí. Mo rò pé a ó jọ fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín ni.

Wọ́n ní, "Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ ní tààrà?"

Mo ní, "Ní tààrà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu rẹ̀ kún fún dòdò."

"Bàbá rẹ̀ wá ní kí ni?"

"Ó ní kó jókòó sílé."

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já, mò ń pe hẹ́lò, hẹ́lò. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ń sunkún, ìyá àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí a ti sin bàbá wa tipẹ́tipẹ́. Mo gbé fóònù mọ́ etí títí wọ́n fi sunkún tán. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní ti èyí, ó yí padà sí rere, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.