Ife Tó Sùn ní Ṣọ́ọ̀bù Tíì Creek Road

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó sọ pé apá mi ti nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń di pẹ́ńsùlù mú lọ. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, bí ẹ bá dé wáàfù Àpápá tí ẹ béèrè ọkùnrin tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan tí kò ní gbin, èmi ni wọn yóò nawọ́ sí. Mo tún máa sọ èyí kí n má gbàgbé: lẹ́yìn ẹni tó ń sè é, kò sí ẹni tó mọ tíì jù mí lọ ní gbogbo Creek Road.

Creek Road yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù tíì wa wà, láàárín ilé ìkẹ́rùsí ńlá méjì, bí ọmọ tó sùn sáàárín ìyá àti bàbá. Pákó ni wọ́n fi kàn án, páànù ló wà lórí rẹ̀, àpò ìdọ̀họ ni wọ́n fi bo ara ògiri nínú kí otútù ọ̀sà má baà ráyè wọlé. Bẹ́ǹṣì yí i ká. Bí o bá wọlé láàárọ̀, tí ooru iná èédú bá ti kọ lù ọ́, o ò ní fẹ́ jáde mọ́.

Bàbá ará Ìlàjẹ kan ló ni ín, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun. Tíì onímílíìkì àti búrẹ́dì pọ̀ lójú títì Liverpool Road, mo sì ń mu ìyẹn náà, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Bàbá yàtọ̀. Bí o bá jẹ́ àlejò, á kọ́kọ́ wò ọ́ lójú, á tẹ́tí sí bí o ṣe ń mí, lẹ́yìn náà ni á máa bu nǹkan láti inú àgolo: ewé tíì dúdú, atalẹ̀ gbígbẹ, kànáfùrù, èèpo ọsàn tó ti gbẹ nínú oòrùn, koríko ọba, ìyèré. Àpòpọ̀ tirẹ nìyẹn, òun ni wàá máa mu lọ. Tèmi, atalẹ̀ àti ìyèré ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ pé èmi nìkan lòun tíì rí tó gbé e mì láì wúkọ́.

Kálukú wa ló tún ní ife tánganran tirẹ̀ lórí pẹpẹ. Bí a bá mu tíì tán láàárọ̀ kí a tó wọ wáàfù, Bàbá á fọ ife náà, á dojú rẹ̀ délẹ̀. A máa ń sọ pé ife ti sùn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí o bá sọ̀ kalẹ̀ lára ọkọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá yí ife rẹ sókè. Ó ti jí nìyẹn. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ jí i fún ọ. Inú ọkọ̀ jìn, okùn máa ń já, àpò máa ń wó lulẹ̀. Bàbá ní nínú ọkọ̀ òkun lòun ti kọ́ ọ: bí òun bá ti wo pẹpẹ nígbà tí oòrùn bá ń rẹlẹ̀, òun á ti mọ ẹni tó bọ̀ àti ẹni tí kò tíì bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú wa. Àbúrò ló jẹ́ sí mi, èmi ni mo mú un wọṣẹ́. Ọkùnrin gíga ni, èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ nítorí ẹrù. Ife rẹ̀ funfun, ó ní ìlà búlúù lẹ́nu. Kànáfùrù àti èèpo ọsàn ni tíì tirẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ku díẹ̀ kí a wọ ọdún 1990, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo bí mo ṣe gbé orí sókè tí mò ń fa èyí tó kù nínú ife mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, kí ẹ má fá tánganran mọ́ ọn.”

Mo ní, “Bí mo bá fá a, á ṣì mọ́ ju ọrùn rẹ lọ.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ife rẹ̀ fún Bàbá, Bàbá fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ni a já lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a gòkè wá jẹun ọ̀sán, a ò rí i. A padà wọ inú ọkọ̀, a ké sí i, a tú àpò, a wo gbogbo igun pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò sí bàtà rẹ̀, kò sí fìlà rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ náà ti já gbogbo ẹrù rẹ̀, ó ṣí, ó lọ. Àwọn kan ní ó jábọ́ sáàárín ọkọ̀ àti èbúté. Àwọn kan ní ó fara pamọ́ ni, ó bá wọn lọ sí ìlú òyìnbó, bí àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Omi ò gbé nǹkan kan jáde. Lẹ́tà kan ò ti ibì kankan wá.

Ife rẹ̀ sùn lórí pẹpẹ.

Ó ní ìyàwó tó bí ọmọ mẹ́ta fún un, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ìtòsí ọjà Boundary. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ wá láti ilé pé kí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kí wọ́n lè sin àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọmọ wọn àti irun tó há sínú ìyarun rẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ rí òkú. Mo wà níbẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, “Ife ọkọ mi ṣì sùn. Ẹni tí ife rẹ̀ bá sùn, ibi iṣẹ́ ló wà. Ṣé wọ́n máa ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ni?”

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ife ni wàá gbàgbọ́?”

Ó ní, “Mọ́mì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n bínú lọ. Láti ìgbà náà, wọn kì í kí i mọ́. Kò sí ẹni tó mọ bí yóò ṣe pè é, nítorí kì í ṣe opó, kò sì ní ọkọ nílé. Ní ọjọ́ Àìkú, bó bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, á gba Creek Road, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á na ọrùn wo pẹpẹ, á máa lọ. Kò wọlé rí. Gbogbo wa mọ̀ pé títí ife yẹn yóò fi jí, kò ní lè sunkún, kò sì ní lè sinmi.

Ṣọ́ọ̀bù náà sì ti yí padà. Èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń dẹ́rù bà, ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bàbá á máa ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀, iná ò tíì sí, omi ò tíì sí lórí ààrò, òórùn kànáfùrù àti èèpo ọsàn á sì ti gba ibẹ̀ kan. Bàbá fi ọ̀rá di àgolo kànáfùrù. Ó tún gbé e lọ sílé. Òórùn náà kò lọ. Kò sì sẹ́ni tó ń jókòó síbi tó máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Kì í ṣe pé ẹnì kan fòfin dè é o. Èèyàn á jókòó, á dìde, á ní ibẹ̀ tutù. Èmi jókòó síbẹ̀ ní tèmi, lójú gbogbo wọn. Nígbà tí mo dìde, ìdí ṣòkòtò mi rin gbingbin. Mo sọ fún wọn pé òógùn ni.

Òjò ọdún kan rọ̀ kọjá, ti èkejì dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá lé àwọn awakọ̀ tírélà wọlé, ṣọ́ọ̀bù kún débi pé a ń mí sí ara wa lọ́rùn. Awakọ̀ kan wà nínú wọn tí kò wá síbẹ̀ rí, láti òkè ọya ló ti kó ẹrù wá. Ó fẹ́ mu tíì, Bàbá sì kọjú sí iná. Ọkùnrin náà kàn na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó mú ife kan. Ta ló máa bá a wí? Níbi gbogbo tí mo ti dé, ife tó bá dojú délẹ̀ lórí pẹpẹ, ife tó mọ́ ni. Ó na ife náà sí Bàbá láti ẹ̀yìn. Bàbá ò wẹ̀yìn, omi gbígbóná ló ń wò, ó da tíì atalẹ̀ sí i. Atalẹ̀ ni, Bàbá búra fún mi lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kànáfùrù ni gbogbo wa gbóòórùn.

Mo kọjú síta ní tèmi. Mo rí ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ wáàfù tó ń bọ̀ nínú òjò, àgbàlagbà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo inú, ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ju àpò tó fi borí sílẹ̀, ó yíjú padà, ó sáré. Mo rò pé inú ló ń rún un.

Bàbá wẹ̀yìn nígbà yẹn. Ó rí ife onílà búlúù lẹ́nu awakọ̀. Ó gbé ìkòkò omi sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, “Ta ló fún ọ ní ife yẹn?”

Awakọ̀ náà ní, “Baba, e dey for shelf na. I no thief am.” Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rí ẹni tó bá a rín in, ó rọra gbé ife náà kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, níbi tí ẹnì kankan kì í jókòó sí gan-an.

Ẹnì kan ní, “Bàbá, ẹ tètè dojú ẹ̀ dé padà.”

Bàbá nawọ́, ó fà á padà. Ó ní, “Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Wọn ò kọ́ mi.”

Ìgbà náà ni mo wo èjìká awakọ̀ yẹn láti ẹ̀yìn, tí mo rí i pé ti òsì wálẹ̀. Mo rántí àgbàlagbà tó sáré. Mo sọ fún wọn ohun tí mo rí. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tó sá lọ. Bàbá ní kí ẹnì kan tètè lọ bá obìnrin náà kó tó di pé ó gbà á gbọ́. Gbogbo wọn wò mí. Ta ni wọn ì bá tún wò?

Mo gba inú òjò kọjá sí Ajégúnlẹ̀. Lórí pákó tí wọ́n fi sọdá kànáàlì ni mo ti pàdé àgbàlagbà náà, ó ń bọ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Mo ti sọ fún un. Mo ní ife ọkọ rẹ̀ ti jí, mo fojú mi rí i tó ń mu tíì. Ó ti ń wẹ àwọn ọmọ.”

Mo ní, “Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?”

“Ife jí, o tún ń bi mí léèrè ojú. Mo rí èjìká rẹ̀.”

“Èjìká awakọ̀ tírélà kan lẹ rí. Àlejò ni. Kò mọ̀, ó kàn mú ife.”

Ó dúró síbẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, “Mo gbóòórùn rẹ̀.” Mo fi í sílẹ̀, mo kọjá.

Obìnrin náà ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òpin dé òpin. Àwọn ará ilé dúró lẹ́nu yàrá wọn. Ó ti wọ léèsì tó fi ṣègbéyàwó, ó gbé àga síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, omi ìwẹ̀ ń yọ ooru nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, Vaseline ń dán lára wọn.

Ó rí mi. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ jọ wá ni?”

Mo ti bá ọ̀gá wáàfù jà rí, mo ti bá sójà fa ọ̀rọ̀ rí. Kò sí èyí tó le tó ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, mo sì sọ ọ́ tán. Mo ní, “Ìyàwó wa, kì í ṣe òun. Awakọ̀ kan ló mú ife, kò mọ̀. Àṣìṣe ni. Ẹ má bínú.”

Kò ṣubú, kò ké. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ fún. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ ọ́. Ẹ sún díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ dí i lọ́nà.”

Mi ò yà fún ọkùnrin kankan rí ní Àpápá. Ní ojú ọ̀nà, ní orí pákó ọkọ̀, àwọn ló máa ń yà fún mi. Mo yà. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo fa ikùn mi wọlé kí àyè lè tó. Mi ò wẹ̀yìn wò. Kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà gbéra, ó sì padà sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọ tó kéré jù, èyí tí kò mọ bàbá rẹ̀ rárá, fa ẹsẹ̀ méjèèjì gòkè sórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí èèyàn lè ráyè kọjá.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Kò gbóná jù.” Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní, “Ẹ máa lọ sílé, Bọ̀ọ̀dá. Mo máa ránṣẹ́ sí yín.” Ó sì ti ìlẹ̀kùn. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ tí omi ń dà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ náà. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti tú irun orí rẹ̀, ó ti wọ dúdú, ó jókòó sórí ẹní nílẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Mo jókòó tì í. Nítorí pé èmi kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rù láti béèrè nǹkan, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ.

Ó ní, “Ó wẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun.”

Mi ò béèrè mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé nínú àwọn ẹbí. Ó wò ó títí, ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi, ẹ kú àfẹ́kù.” Obìnrin náà sì dá a lóhùn.