Ọkọ̀ Tí Ìyá Òṣùwọ̀n Yàn

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin yìí ti ń jókòó sínú yàrá kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tó ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ á gun irin òṣùwọ̀n lófìfo, á wọlé lọ kó òkúta, á tún gun ún bó bá ń jáde lọ, obìnrin náà á sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Òṣùwọ̀n. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí wọn ò tíì bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kó àkójù á ní òkúta òun ò wúwo, pé òjò ló pa á. Obìnrin náà á ní kó lọ sá a sóòrùn, bó bá gbẹ kó padà wá.

Ẹni tí kò bẹ̀rù awakọ̀ yìí, omi ló ń bẹ̀rù. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ó já sódò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, irun orí ni wọ́n fi fà á jáde. Láti ìgbà náà, omi tó bá ti ju ti inú korobá lọ, ọ̀tá rẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀ tí omi dágún sójú títì, á yà bá ọ̀nà mìíràn, kó tiẹ̀ pẹ́ délé.

Irú obìnrin báyìí ni ọkọ rẹ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ka iwájú. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ náà, ṣùgbọ́n apẹja ni baba tó bí i, apẹja inú agbami, kì í ṣe ti etí òkun. Bàbá yìí ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, ohun kan ṣoṣo ló sì kù tó ń wù ú: kó tún dé ibi tí omi òkun ti ń dúdú, tí èèyàn ò ní rí ilẹ̀ mọ́, kó sọ ìwọ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọkọ fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò gba gbogbo ilé, àgbà mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì. Nítorí pé ilé wọn ò sí létí omi, jíìpù wọn ni yóò máa fà á lórí kẹ̀kẹ́ irin láti ẹ̀yìnkùlé lọ sí òkun.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n níbi tá a ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà jù la máa ń ní kó yan ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn òkun, ojú ìfẹ́ ló fi ń wo ọkọ̀, ojú ìfẹ́ kì í sì í rí ihò. Ìyàwó ni yóò yàn án."



"Bàbá, èmi tí mi ò lè wẹ odò?" ni ìyàwó bi í.

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó o bá ní o lè wọ̀ la máa rà. Tó o bá ní kò sí, a jẹ́ pé kò sí náà nìyẹn."

Wàhálà dé. Bí obìnrin náà bá ní òun ò rí ọkọ̀ tí òun lè wọ̀, Bàbá ò ní rí agbami mọ́ láyé rẹ̀. Bó bá sì yan ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi lọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà àwọn tó ń ta ọkọ̀, ọkọ ò wo ọ̀tún wo òsì tó fi ya sídìí ọkọ̀ funfun kan. Ọkọ̀ náà lẹ́wà, ká sòótọ́. Ó ní yàrá àti bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù, àga rẹ̀ rọ̀ ju ti pálọ̀ wọn lọ. Àwọn ọmọ ti na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ bàtà.

"Kílò mélòó ni?" ni Ìyá Òṣùwọ̀n bi ọlọ́jà.

"Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin ni, mà. Jíìpù yín lè fa ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Á fà á bí ẹni fa ewúrẹ́."

"Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ṣé epo wà nínú ẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀rọ ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tó gbé e ńkọ́?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó wà nínú ìwé ni òun sọ yẹn.

"Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ló ń fúyẹ́ nínú ìwé," ni obìnrin náà fèsì.

Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, ọlọ́jà fi ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ fa ọkọ̀ funfun náà wá, ó tú u sílẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ìyá Òṣùwọ̀n ní kí wọ́n rọ epo kún táńkì, kí wọ́n pọnmi kún èyí tó wà lábẹ́ sítóòfù, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ, ìdákọ̀ró, yìnyín àti gbogbo ẹrù ìpẹja sí i. Òṣùwọ̀n ní ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹgbẹ̀rin. Òkè kan wà láàárín ilé wọn àti òkun. Bí jíìpù bá tiẹ̀ rọ́nà fa ẹrù yìí gòkè, ẹrù náà ni yóò ti jíìpù sọ̀ kalẹ̀.

Ọlọ́jà ní irọ́ ni òṣùwọ̀n ń pa.

"Ọdún kọkàndínlógún tó ti ń parọ́ mọ́ awakọ̀ rèé," ni obìnrin náà wí, ó sì ní kó máa fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n padà lọ sí ọgbà náà, obìnrin yìí ló ṣáájú. Ní ẹ̀yìn pátápátá ló ti rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò. Alumíníọ̀mù, irin fífúyẹ́, ni wọ́n fi ṣe é, ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ. Kò ní yàrá, kò ní bẹ́ẹ̀dì, àfi òrùlé kan àti àga líle.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé èyí náà lo rí?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ó mà burẹ́wà."

"Ìwà lẹwà. Tó bá jẹ́ ẹwà ni mo fi ń yan nǹkan, ṣé ẹ̀yin ni ǹ bá fẹ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Nígbà tí ọkọ̀ yìí gun òṣùwọ̀n tòun ti ẹrù àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀ ni. Jíìpù fà á gòkè, ó fà á sọ̀ kalẹ̀, kò mí gúlegúle.

Ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe títì. Obìnrin náà ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tó dojú dé rí, ó sì mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fà á, kì í ṣe ẹrù tó pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà sómi létí èbúté, ó dúró sórí pátákó lókè, ó ní kí ọkọ rẹ̀, Bàbá, àwọn ọmọ àti òṣìṣẹ́ ọlọ́jà méjì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n dúró bí ìgbà tí ẹja ńlá bá jẹ ìwọ̀. Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fò sókè. Wọ́n fò, ọkọ̀ ò yẹ̀.

"Tí omi bá wọnú ẹ̀, ibo ló ń gbà jáde?" ló tún bèèrè.

Ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹ̀rọ. Obìnrin náà ní kí wọ́n gbé korobá wá, ó ní kí wọ́n da ogún korobá omi sínú ọkọ̀. Omi náà gba ihò tó wà ní ẹ̀yìn jáde fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́n ọn.

"Èyí ni," ló wí. Ó ya òun gan-an lẹ́nu pé òun lòun sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ìyá Òṣùwọ̀n dúró létí pátákó, kò tíì gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Ìyàwó, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa jẹ oyin, èmi ni mò ń wo àáké." Ó di òpó òrùlé mú, ó wọlé.

Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, ó ń súfèé. Nígbà tí ilẹ̀ di bíńtín lẹ́yìn wọn tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í ga, súfèé dákẹ́. Onígbàjámọ̀ tó fẹ́ràn òkun tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bì, ó tún bì. Bàbá gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká padà," ni ọkọ ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà."

Bàbá ò yí ìdarí padà. Iwájú ló ń wò, níbi tí omi ò tíì dúdú. Ó wá yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ náà yíjú sí i. Bó bá ní kí wọ́n padà, ẹnikẹ́ni ò ní dá a lẹ́bi, Bàbá ò sì ní dárúkọ agbami mọ́. Ìgbì kan gba iwájú wọlé, ó rin ín dé kókósẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò rí ibi tó ti yẹ̀.

"Bàbá, ó kù tó mélòó ká débẹ̀?"

"Kò tó ààbọ̀ wákàtí."

"Ẹ máa wà á lọ."

Wọ́n dé ibi tí omi ti dúdú bí aró. Bàbá sọ ìwọ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí okùn fi le tantan. Ó fà á, ó tú u, ó tún fà á, gbogbo ilé sì ya bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Òṣùwọ̀n ló na igi tí irin ìkọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ bọ omi, òun ló gbé ẹja náà wọlé, ẹja tó ga tó àbúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá jókòó ti ẹja náà lórí ilẹ̀ ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó, o ṣeun," ló wí. "Mo tún débẹ̀."

Ayọ̀ gba obìnrin náà lọ́kàn débi pé ẹ̀rín ló ń rín, òun nìkan, láàárín òkun, tí irun rẹ̀ ń kán fún omi.

"Ṣé ká wá máa lọ sílé báyìí?" ni ọkọ rẹ̀ bèèrè láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Sílé kẹ̀?" Ìyá Òṣùwọ̀n mú ọ̀pá ìwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi ò tíì pa tèmi."