Ìlà Abẹ́ Orúkọ

Omi gọ́tà tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ wa ní Ìkẹjà la fi ń mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Bí ó bá pọ́n, a ti mọ̀ pé aró pupa ni wọ́n pò. Bí ó bá dúdú bí ẹ̀lú, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, omi náà lè yí àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun ń pè ní SAP wá wọlé tán, tí òwú àti kẹ́míkà ilẹ̀ òkèèrè di ohun tí apá kò ká mọ́, omi gọ́tà wa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ohun rere ló dé.

Yunifásítì ni mo ti jáde. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà, mo sì ti fọkàn sí i pé èmi náà yóò di olùkọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rí ni pé kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ náà ní. Yàrá rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù wà lẹ́yìn ti ọ̀gá pátápátá, nítorí wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ gbóná. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, èmi ni mo rò pé wọ́n ń ṣìkẹ́.

Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe bíi ti òde òní. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, kò sì ní fi bí ìwé yóò ṣe rí hàn ọ́ títí ìwé yóò fi jáde. Bí o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ki, wàá fi àmì kan síwájú rẹ̀, wàá sì fi àmì kan náà sẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ìlà lábẹ́ rẹ̀, àmì mìíràn ni. Àmì tó ṣí i náà ló ń tì í. Àwọn àmì yìí kì í jáde lórí ìwé. Ohun tí wọ́n pàṣẹ nìkan ló ń jáde. Mo kọ́ gbogbo wọn sórí, mo sì ń fi wọ́n yangàn bí ẹni tó mọ ọfọ̀.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ń tẹ táìpù kí wọ́n tó bí mi. Màmá Onítáìpù la ń pè é. Bí ó bá tẹ ìwé tán, á fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, á ní kí ẹnì kan máa ka èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sókè, òun á sì máa fi ojú tọ̀ ọ́. Kò sí ìwé tó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kà á bẹ́ẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ká ka tìrẹ náà?" Ó máa ń bi mí bẹ́ẹ̀.

"Màmá, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe."

"Ilẹ̀kùn náà kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó gbàgbé láti tì í ni."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, kí n padà sínú atẹ́gùn mi.

Dópẹ̀mú ni mò ń gbé nígbà náà. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi ni olórí àwọn tó ń pò aró ní ilé iṣẹ́ wa. Òun ló bá mi bẹ onílé kí n tó rí yàrá gbà. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Bí ó bá wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìn, ọwọ́ rẹ̀ á yọ nínú rẹ̀ ní dúdú-dúdú títí dé ìgúnpá, nítorí aró ti wọ inú awọ rẹ̀ kọjá ohun tí ọṣẹ lè fọ̀. Bàbá Aláró ni gbogbo wa ń pè é.

Ní Ọjọ́rú kan, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ìwé kan wá fún mi. Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ̀ka sí ẹ̀ka, ó sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sí àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró. Ó ní kí n fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn. Lẹ́tà kíki kò lè wúlò, nítorí a ti tún yíǹkì sí ríbọ̀ǹ ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé jáde láti inú kọ̀ǹpútà títí tí èyí tó ki àti èyí tí kò ki fi di ọ̀kan náà.

Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí mo fi dé ẹ̀ka aró. Mo fi àmì síwájú orúkọ ẹnì kan, mo tẹ orúkọ náà, ojú mi sì bọ́ sára èyí tó tẹ̀ lé e. Orúkọ Bàbá Aláró ni, pẹ́ńsù sì wà lára rẹ̀. Mo tún wo ìwé ọ̀gá bóyá mo ṣì í kà. Lẹ́yìn náà mo fi àmì síwájú tirẹ̀, mo fi sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń di òkú. Ìlà orúkọ tó wà lókè tirẹ̀ ni mi ò padà tì. Mo tẹ ìyókù, n kò wo ohun tó jáde, ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Aláró dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, búrẹ́dì Agége lọ́wọ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé, kò sí ìlà lábẹ́ orúkọ mi. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpàdé Ọjọ́rú ni mò ń lọ yìí, mo fẹ́ lọ jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ náà á bá mi lọ dúpẹ́."

Mo rò pé ọ̀gá ti yí ọkàn padà. Mo jẹ nínú búrẹ́dì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Onítáìpù wọ yàrá mi pẹ̀lú ìwé tó já kúrò lára pátákó àti rúlà rẹ̀. "Mú ti ọ̀gá wá. Kà á." Mo ń kà, ó ń fi rúlà tọ̀ ọ́. Nígbà tí a dé ẹ̀ka aró, rúlà dúró. Láti ibẹ̀ lọ dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dojú dé: àmì tó yẹ kó ṣí ìlà ló ń tì í, èyí tó yẹ kó tì í ló ń ṣí i. Àwọn tó yẹ kó lọ ló wà láìní ìlà. Àwọn tó yẹ kó dúró ni ìlà wà lábẹ́ wọn.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, mà."

Ọ̀gá náà kò pariwo nígbà tí mo sọ fún un. Ó ti rẹ òun náà. Ó ní kí n tún un ṣe kó tó di ọ̀sán. Mo tẹ òmíràn, èmi àti Màmá Onítáìpù kà á, mo sì tọrọ àyè pé kí n kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé aró.

Bàbá Aláró ń fọ ìkòkò ńlá kan. "Akọ̀wé, ṣọ́ra, aṣọ funfun lo wọ̀ wá síbí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Bí wọ́n bá ní kí àgbà jókòó kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ti gbọ́ ọ. Orúkọ mi ni?"

"Orúkọ yín ni, sà. Èmi ni mo ṣì í tẹ̀. Ìlà yẹ kó wà níbẹ̀."

Ó ń fọ ìkòkò náà lọ. "Ta ni ìlà wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò yẹ kó wà?"

Mo dárúkọ mẹ́ta-mẹ́rin fún un, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláàárù tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

"Baba ìbejì?" Ó da omi tó wà nínú ìkòkò nù. "Lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó."

Mo rò pé kò ní rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, àmọ́ ó kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí àsìkò ẹ̀rí tó, ó dìde, ó ní òun wá gba ẹ̀rí tí òun jẹ́ ní Ọjọ́rú padà, nítorí kò yẹ kí irọ́ wà lọ́rùn Ọlọ́run. Àwọn èèyàn kùn. Ó ní, "Ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe." Ó jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ aláró rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mi ò dìde.

Kí ọdún náà tó parí, ó kó lọ sí ìlú rẹ̀. Mo gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, kò sì sí àwọ̀ kankan nínú gọ́tà rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ti ìdọ̀tí. Ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀wé lórí fóònù báyìí. Á fi ìka kan ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á ki lójú rẹ̀ kòrókòró. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń fi rúlà ka ìwé. Mo máa ń ní kó jókòó, kó kà á sókè fún mi, kí n máa fi rúlà tọ̀ ọ́. Bí a bá dé ibi tí orúkọ èèyàn wà, mo máa ń ní kó tún un kà.

Nígbà kan ó bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ máa ń ṣàṣìṣe tó bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé rúlà sílẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kọ́, èmi ni. Ó ti padà sídìí fóònù rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán.